Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Luzula nivalis Mọ̀ Nílẹ̀ Òtútù Svalbard

Ewéko kan wà ní ìhà Arctic tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ kọjá láìbojú wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ga ju ìka ọwọ́ lọ, kò ní òórùn, òdòdó rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ tó lè fa ojú ẹnikẹ́ni mọ́ra. Luzula nivalis lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà, Luzula arctica ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ewéko kan ṣoṣo ni. Tí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi orúkọ méjèèjì wá a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, apá kan ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ lẹ máa rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìtọ́sọ́nà yìí ṣe fún yín kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ lè kúnlẹ̀ ti ìdì ewé kan ní Svalbard, tàbí kí ẹ jókòó ti fọ́tò rẹ̀ nílé, kí ẹ sì lè sọ pé “òun ni” tàbí “òun kọ́”, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń ti orí òdòdó bẹ̀rẹ̀, èmi ò sì bá wọn lọ. Òdòdó kì í pẹ́, ẹranko máa ń já a jẹ, atẹ́gùn máa ń dá a. Ewé kì í lọ síbì kankan. Ewé ló máa dájọ́. Ilẹ̀ tó hù sí á jẹ́rìí. Òdòdó, tó bá wà, á fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó gbéra

Svalbard jẹ́ àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ ìjọba Norway, láti ìlà 74 dé ìlà 81 níhà àríwá. Spitsbergen ló tóbi jù nínú wọn, Longyearbyen sì ni ìlú tí ọkọ̀ òfuurufú ń já èrò sí. Tí a bá pín ilẹ̀ ibẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́fà ló wà lábẹ́ òkìtì yìnyín. Láti nǹkan bí 20 oṣù Kẹrin títí di nǹkan bí 22 oṣù Kẹjọ, oòrùn kì í wọ̀ ní Longyearbyen rárá. Síbẹ̀, ìpíndọ́gba ìgbóná oṣù Keje, tó móoru jù nínú ọdún, kò ju bíi 6 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ewéko tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ ní láti ṣe gbogbo iṣẹ́ ọdún rẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ físà wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tètè mọ̀. Svalbard fúnra rẹ̀ kì í béèrè físà. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní 9 oṣù Kejì 1920 ló sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ tó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Norway ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbà kọjá, Svalbard kò sì sí lábẹ́ Schengen. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Svalbard, ńṣe lẹ tún ń wọ Schengen lákọ̀tun. Físà tó gba ìwọlé lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ bèèrè fún.

Òfin ààbò àyíká Svalbard, tí wọ́n ṣe ní 2001, dáàbò bo ewéko ibẹ̀. Ẹ má já a, ẹ má wú u, ẹ má fi ewé kan há àárín ìwé mú bọ̀ wálé. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ojú àti ìka ọwọ́ la fi ń ṣe é nígbà tí ewéko ṣì wà nílẹ̀ níbi tó hù sí. Ẹ sì rìn lórí òkúta níbi tí òkúta bá wà, torí ipa bàtà lórí ilẹ̀ rírọ̀ ibẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó pa rẹ́.

Béárì funfun ńkọ́? Ibikíbi lẹ́yìn ìlú lẹ ti lè pàdé rẹ̀, òfin sì ní kí ẹni tó bá jáde kúrò nílùú ní ohun tí yóò fi lé e lọ́wọ́. Láti oṣù Kíní 2025, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ béárì ju 300 mítà lọ; láti 1 oṣù Kẹta sí 30 oṣù Kẹfà, 500 mítà ni. Ẹni tó ń wo ewé máa ń tẹ orí ba, kò ní rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá afinimọ̀nà tó ní ìbọn lọ, kí ẹnì kan máa wò yíká nígbà tí ẹnì kejì bá dọ̀bálẹ̀ ti ewé.

Ẹrù kò pọ̀: awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, rúlà tó fi mìlímítà hàn, fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ lè ya ohun tó sún mọ́ ọn, àti rọ́bà tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ orúnkún. Ẹ má fojú di rọ́bà yẹn. Ibi tí ewéko yìí fẹ́ràn, omi ló kún ibẹ̀.

Ẹ fi mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kọ́ ojú yín ná

Ojú tí kò rí Luzula kankan rí máa pẹ́ kó tó ríran ní Svalbard, níbi tí atẹ́gùn á ti máa gbá yín létí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain ló rọrùn fún jù. Luzula campestris wà nínú pápá ìṣeré, nínú ọgbà ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, kódà nínú koríko iwájú ilé. Oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ló máa ń yọ òdòdó, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní koríko Good Friday. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wo etí ewé rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀: irun funfun, gígùn, tín-ín-rín, ta jáde níbẹ̀. Irun yẹn ni àmì tí wọ́n fi ń mọ agboolé Luzula káàkiri ayé. Ní Amẹ́ríkà, Luzula multiflora á ṣe iṣẹ́ kan náà fún yín. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní láti rìn jìnnà díẹ̀: Luzula mannii wà lórí òkè Cameroon, lókè níbi tí òtútù ti ń mú.

Tí ẹsẹ̀ yín bá lè gun òkè, ẹ lọ sí Cairngorms ní Scotland. Luzula arcuata wà níbẹ̀ láàárín òkúta ní góńgó òkè, ìbátan tímọ́tímọ́ ló sì jẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tí a máa bá pàdé ní Svalbard. Ẹni tó bá ti rí i á mọ bí Luzula ṣe máa ń rí níbi tí atẹ́gùn ò ti jẹ́ kí nǹkan ga.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé koríko ni, àbí ẹbí òfio, àbí Juncaceae, ẹbí tí Luzula wà nínú rẹ̀?

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú igi òdòdó, kí ẹ rọra yí i. Tó bá ní igun mẹ́ta, ẹbí òfio ni. Ẹni tó ti wú òfio rí lóko á mọ igun mẹ́ta yẹn lọ́wọ́. Carex lorúkọ tí ẹ máa bá pàdé jù nínú ẹbí yẹn ní Svalbard. Tó bá rí róbótó, tó ní oríkèé tó wú, tí inú rẹ̀ ṣófo, koríko gidi ni, àwọn Poa àti Alopecurus. Tó bá rí róbótó, tí inú rẹ̀ kún, tí kò sí oríkèé tó wú lára rẹ̀, ẹ ti wọ ẹbí Juncaceae nìyẹn. Kí ẹ tó mọ̀ bóyá inú kún, ẹ má ṣẹ́ igi òdòdó kankan. Ẹ wá èyí tí atẹ́gùn ti dá fúnra rẹ̀.

Òdòdó náà ń sọ̀rọ̀, ká ní ó wà. Ti Juncaceae kéré, síbẹ̀ òdòdó gidi ni: ewé òdòdó mẹ́fà ló tò yí ká bí a ṣe ń rí i lára àwọn òdòdó ńlá, ṣùgbọ́n búráùn ni gbogbo wọn, wọ́n sì gbẹ. Koríko àti ẹbí òfio kò ní irú ètò yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Luzula ni, àbí Juncus?

Juncus biglumis pọ̀ lórí ilẹ̀ olómi ní Svalbard, òun ló sì máa ń tan alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ. Òun náà kúrú, òun náà dúdú lórí. Ẹ wo ewé. Ti Juncus yìí tín-ín-rín, kò tẹ́. Ti Luzula tẹ́, ó ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ wo orí: òdòdó méjì péré ni J. biglumis sábà máa ń gbé lórí igi kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àpò tí ìsàlẹ̀ ewé fi di igi òdòdó mú. Lára Luzula, àpò yẹn pa dé yí igi ká. Lára Juncus, ó ṣí, etí kan gun orí èkejì.

Irúgbìn ni ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn, ẹni tó bá dé lóṣù Kẹjọ nìkan ló sì lè rí i. Èso Luzula, kékeré bó ṣe wà yẹn, irúgbìn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Ti Juncus pọ̀ lọ súà, wẹ́wẹ́ bí eruku. Èso tó ti là fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi awò wò.

Ọ̀rọ̀ irun ńkọ́, èyí tí a fi koríko Good Friday kọ́? Ibẹ̀ ni àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún gbogbogbòò ti máa ń sọ ènìyàn nù. Wọ́n á ní kí ẹ wá irun létí ewé. Ewé L. nivalis fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Níbi tí ewé ti kúrò lẹ́nu àpò yẹn nìkan lẹ ti lè rí irun bíi mélòó kan, nígbà mìíràn kò ní sí rárá. Ẹni tó bá ń wá irun á sọ pé Luzula kọ́ ni, á sì kọjá. Irun tó wà jẹ́ ẹ̀rí pé Luzula ni. Irun tí kò sí kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun ní Arctic.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ewé

Mẹ́ta ni Luzula tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ní Svalbard: L. confusa, L. nivalis àti L. wahlenbergii. Confusa lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ó wà níbi gbogbo, ẹ sì lè rò pé òun nìkan ló wà.

Ẹ dúró ná, kí ẹ tó kúnlẹ̀. Láti òkèèrè, ìdì confusa máa ń pọ́n rúsúrúsú, torí ewé àti àpò ewé ọdún tó ti kọjá kì í já bọ́. Wọ́n á gbẹ síbẹ̀, wọ́n á ṣù jọ nídìí ewéko, èyí tó ń hù lọ́wọ́ á sì máa yọ láàárín wọn. Òkú ewé yìí wúlò. Ó ń dá atẹ́gùn dúró kó má gbá ọ̀mùnú tó wà nísàlẹ̀. Ìdì nivalis náà ní òkú ewé, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tútù tó mọ́lẹ̀, tó fẹ́ pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè, ló máa kọ́kọ́ kọlù yín lójú.

Ẹ wá kúnlẹ̀. Ẹ mú ewé kan tó ti gùn tán, tó jẹ́ ti ọdún yìí, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láàárín, kì í ṣe ní ṣóńṣó. Ti confusa kì í sábà ju mìlímítà 1 sí 3 ní fífẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì ká sókè, àárín wá jìn bíi gọ́tà. Láti ìdajì ewé ló ti ń tín-ín-rín bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di ṣóńṣó tó mú. Ẹ fi ìka tọ́ ọ wò. Ó máa gún yín díẹ̀.

Ti nivalis fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, bíi mìlímítà 2 sí 4, ó kúrú, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ewé wọ̀nyí sábà máa ń tẹ́ yí ká mọ́ ilẹ̀ ni. Ṣóńṣó rẹ̀ ni kí ẹ tẹ awò mọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ewé náà á fẹ̀ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, á wá parí lójijì, láìmú. Kò ní gún ìka yín. Ẹ ó rí i pé fífẹ̀ ewé méjèèjì wọnú ara wọn, mìlímítà 2 tàbí 3 lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn, torí náà rúlà nìkan kò tó. Bí ewé ṣe parí ló ń sọ òótọ́.

Ewé gbígbẹ máa ń ká. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti àárọ̀, ewé nivalis tó wà lójú ibi gíga lè ká etí rẹ̀ sókè, kó wá jọ gọ́tà confusa. Ẹ má fi ewé kan dájọ́. Ẹ wo márùn-ún nínú ìdì kan náà, kí ẹ sì yan àwọn tó wà nísàlẹ̀ níbi tí mọ́ọ̀sì ti bò wọ́n, torí ọ̀rinrin ń bẹ níbẹ̀. Ẹ má sì fi ṣóńṣó ewé àtijọ́ ṣe ẹ̀rí. Ó ti ṣẹ́.

Wahlenbergii kò ní dà yín láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ náà tẹ́, ṣùgbọ́n ó gùn jù, ó ń dán, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì jinlẹ̀. Orí òdòdó rẹ̀, tí mo máa sọ níwájú, kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ (Laest.) tẹ̀lé orúkọ Luzula nivalis nínú ìwé. Lars Levi Laestadius nìyẹn, ọmọ Sweden tí wọ́n bí ní 1800, tó kú ní 1861. Láti 1826 ló ti ń ṣe pásítọ̀ ní Karesuando, ní ìhà àríwá pátápátá níbi tí àwọn Sámi ń gbé, ìwàásù rẹ̀ lòdì sí ọtí sì dá ìsọjí kan sílẹ̀ tí ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣì wà dòní. Orí àga ìwàásù ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n ọ̀gá onímọ̀ ewéko ni pẹ̀lú. Inú mi máa ń dùn sí i pé ẹni tó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní sùúrù láti ya ewé tó kéré tó báyìí sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilẹ̀

Òjò tó ń rọ̀ ní Longyearbyen kéré gan-an, bíi 200 mìlímítà lọ́dún, òjò dídì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á rò pé aṣálẹ̀ ni, á sì ya á lẹ́nu pé bàtà òun ń rì. Ohun tó fà á wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi, kì í yọ́ láti ọdún dé ọdún. Awọ orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àfonífojì Adventdalen nǹkan bíi mítà kan. Omi tó bá yọ́ kò ríbi jìn sí. Ó dúró lókè, lẹ́nu gbòǹgbò.

Atẹ́gùn ni ọ̀gá kejì. Ní ìgbà òtútù, ó máa ń gbá òjò dídì kúrò lórí ibi tó bá ga, á kó o dà sí kòtò. Orí ibi gíga á ṣí sílẹ̀ fún òtútù, á sì gbẹ. Kòtò á ní aṣọ ìbora nípọn, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò ní tètè ká nílẹ̀, ó lè di oṣù Keje kó tó yọ́ tán. Ibi gíga àti kòtò tí mo ń sọ yìí lè má ju ìṣísẹ̀ ogún lọ síra wọn.

Ẹ mú ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Adventdalen tàbí àfonífojì mìíràn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Lókè pátápátá, láàárín òkúta wẹ́wẹ́, ẹ ó rí Dryas octopetala olódòdó funfun, Saxifraga oppositifolia, àti Carex rupestris tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ máa ń ká. Bí ẹ bá sọ̀ díẹ̀, Cassiope tetragona á bẹ̀rẹ̀, Luzula confusa á sì wà láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá tún sọ̀, òkúta á dín kù, ẹrẹ̀ kíkúnná á bẹ̀rẹ̀, mọ́ọ̀sì á nípọn, Salix polaris, igi tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, á tẹ́ sínú mọ́ọ̀sì náà. Ẹ dínṣẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó tutù, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ kúnná, tí òjò dídì ti pẹ́ lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí omi ò ti bo ilẹ̀, ni nivalis fẹ́ràn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni omi wà, pẹ̀lú Eriophorum scheuchzeri tí òwú funfun wà lórí rẹ̀, Dupontia àti Juncus biglumis. Wahlenbergii sábà máa ń wà létí odò kékeré àti nínú mọ́ọ̀sì olómi.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí dùn lórí ìwé. Lórí ilẹ̀ gan-an, yìnyín tó wà nísàlẹ̀ máa ń ti ẹrẹ̀ sókè di òkìtì kéékèèké. Orí òkìtì kan lè gbẹ, ìdí rẹ̀ tutù, kó má sì ju ìbú ọwọ́ méjì lọ láàárín wọn. Confusa á jókòó sókè, nivalis sísàlẹ̀, ewé wọn á máa kan ara wọn. Ẹni tó bá kọ “ilẹ̀ gbígbẹ” sínú ìwé rẹ̀ nítorí pé gbogbo pápá náà gbẹ ti padà sílé pẹ̀lú irọ́. Ibi tí gbòǹgbò wà ni kí ẹ fi ìka tẹ̀ wò.

Ìdí mìíràn tún wà tí mi ò fi jẹ́ kí ilẹ̀ dájọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ̀ lára Luzula méjèèjì yìí gan-an ni bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ilẹ̀ àti ooru tó ń yí padà. Ní Utqiaġvik ní Alaska, níbi tí àwọn méjèèjì wà, àwọn olùwádìí tó wà nínú ẹgbẹ́ ITEX, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, ń fi àpótí tí orí rẹ̀ ṣí bo ewéko láti mú ibẹ̀ móoru díẹ̀, wọ́n sì ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbà tí òdòdó yọ àti bí ewé ṣe gùn tó. Tí ẹ bá ti pe ewéko kan ní nivalis nítorí pé ilẹ̀ tutù, ẹ ò tún lè wá fi í ṣe ẹ̀rí pé nivalis fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Ẹ ti pèsè ìdáhùn kí ẹ tó bi ìbéèrè. Ilẹ̀ lè tọ́ka síbi tí ẹ máa wò. Ẹnu ewé ni kí ẹ ti gbọ́ orúkọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: orí òdòdó

Tó bá wà, ó rọrùn. Lára nivalis, igi òdòdó dúró ṣánṣán, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 15, òdòdó rẹ̀ sì ṣù pọ̀ lórí di kókó dúdú kan. Nígbà mìíràn kókó kejì tàbí ìkẹta á fara mọ́ ọn, síbẹ̀ ẹ ó rí i pé ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ jẹ́. Lára confusa, kókó kan á jókòó, àwọn yòókù á yọ lórí ẹ̀ka kéékèèké tó tẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì rí àlàfo láàárín wọn. Ti wahlenbergii rọ̀ sílẹ̀: ẹ̀ka tín-ín-rín, gígùn, tó ń fì, pẹ̀lú òdòdó díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu wọn.

Tí ẹ bá dé lásìkò, ẹ fi awò wo kókó nivalis náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá abo òdòdó ló ń kọ́kọ́ jáde, ẹ̀ka mẹ́ta tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ni àpò àtíkè ofeefee á là. Kò sí omi dídùn fún kòkòrò. Atẹ́gùn tó ń da ewéko yìí láàmú ló tún ń bá a gbé àtíkè kiri. Àwọn Luzula tó ń gbé inú igbó Yúróòpù máa ń so oúnjẹ kékeré mọ́ irúgbìn wọn kí èèrà lè gbé e lọ. Svalbard kò ní èèrà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àsìkò

Ìparí oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ni òdòdó. Oṣù Kẹjọ ni èso, ewé á sì ti máa pọ́n, èyí tó lè mú kí nivalis jọ confusa láti òkèèrè. Nígbà yẹn, ẹ gbàgbé àwọ̀, ẹ di ṣóńṣó ewé mú. Reindeer Svalbard, àgbọ̀nrín kúkúrú tó ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀, máa ń jẹ Luzula, torí náà ẹ máa rí ìdì tí ó ti já orí rẹ̀ jẹ. Ìdì bẹ́ẹ̀ ṣì ní ewé nísàlẹ̀, ó sì tó láti dájọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: fọ́tò àti àkọsílẹ̀

Fọ́tò orí òdòdó nìkan, tó lẹ́wà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́rin ni kí ẹ yà: gbogbo ìdì pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣóńṣó ewé mẹ́ta ó kéré tán, lójú kan, orí òdòdó láti ẹ̀gbẹ́, tó bá wà, àti ilẹ̀ yí i ká, bíi mítà kan, kí mọ́ọ̀sì àti òkúta hàn. Fún ṣóńṣó ewé, ẹ ti ọwọ́ tàbí páálí dúdú sẹ́yìn rẹ̀ kí kámẹ́rà má bàa máa wá mọ́ọ̀sì kiri. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ jẹ́ kí fóònù kọ ibi tí ẹ wà, ẹ sì kọ ohun tí ìka yín rí nínú ilẹ̀ náà.

Ẹ lè gbé e sórí iNaturalist lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn mìíràn á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọsílẹ̀ tí ènìyàn ti fọwọ́ sí lè dé GBIF, àkójọ ńlá tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Copenhagen. Ní GBIF kan náà, ẹ lè wo fọ́tò ewé gbígbẹ tó wà nípamọ́ ní Oslo àti àwọn ibòmíràn. Ẹ fi ti yín wé wọn, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ewé gbígbẹ ti ká, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá.

Tí ṣóńṣó ewé bá ti ṣẹ́, tí orí sì ti lọ, ẹ má fi ilẹ̀ parí rẹ̀. Ẹ kọ “Luzula” nìkan, kí ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọjá sí ìdì tó kàn. Ní ibi tí ọ̀kan bá ti hù ní Svalbard, ẹ kì í wá èkejì tì.